Irin Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ọdún tí odò wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú,
tí afárá onígi bá omi lọ bí ìgbálẹ̀ ògbólógbòó,
ni èmi àti Lucien rí i
lábẹ́ pákó ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Baba Pettibone, ẹni tó ń kan àgbá.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Òun ti pé mọ́kànlá,
kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Èèkù igi, ó gùn tó apá ọmọdé láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́;
kẹ̀kẹ́ irin kan lórí rẹ̀, kò tóbi ju owó ẹyọ lọ;
eyín kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó mú bí eyín eku.
Kò gé nǹkan. Kò gbẹ́ nǹkan.
Bí o bá yí i, a dún ṣìrìrì.

Mo ní ti àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni,
wọ́n fi ń wọn òbírí irin kí wọ́n tó kì í bọná.
Lucien ní irọ́ ni.
Ìyá-ìyá òun kó irú rẹ̀ wá láti Québec,
ó fi ń tẹ etí páì ápù.
“Pẹ̀lú eyín eku yìí?”
“Eyín kan ṣoṣo tó kù nílé wa nìyẹn.”

A jà á fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

A pín in bí ẹni pín oko:
ọdún kan lọ́dọ̀ mi, ọdún kan lọ́dọ̀ rẹ̀,
òjò-dídì àkọ́kọ́ ni ààlà.
Nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní Boston,
ó bá mi nínú páálí bàtà, pẹ̀lú ìwé pélébé:
“Ọdún tìrẹ ni. Páì ni.”
Nígbà tí Odile ìyàwó rẹ̀ kú, èmi ni ọdún kàn.
Mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀, mo bá tèmi lọ.
Ọdún méjì gbáko ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà kò béèrè.

Àwọn irin mìíràn wà tí gbogbo wa mọ iṣẹ́ wọn:
ayùn tí a fi ń la yìnyín lórí adágún lóṣù kìíní,
ọ̀bẹ olówọ́ méjì tí Baba Pettibone ń fà sáyà
bí ẹni ń fa ọmọ tó fẹ́ sá mọ́ra,
àti ayùn ẹlẹ́ni-méjì ti bàbá Lucien.
“Ẹ má tì í o,” ni ó máa ń pariwo.
“Fà á, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnì kejì.”
Èmi ni mo máa ń tì í.

Kọfí ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Pettibone báyìí.
Wọ́n gbé ayùn náà kọ́ ògiri, wọ́n ya òdòdó sí i lára.
Ọmọbìnrin tó gbé ife mi wá
bi mí bóyá ohun èlò orin ni.

Lóṣù kẹta, Lucien lọ.
Agbẹjọ́rò kan fi páálí bàtà ránṣẹ́ sí mi.
Irin náà. Ìwé pélébé kan:
“Ọdún tìrẹ ni.”
Mo yí ẹ̀yìn ìwé náà wò.
Mo tún un yí.

Mo di èèkù náà mú.
Àtàǹpàkò ẹnìkan ti jẹ igi náà wọnú,
ihò kékeré tí kò gba tèmi láéláé;
ọlọ́wọ́ òsì ló ni ín.
Ọlọ́wọ́ òsì ni Lucien.
Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i bí ó ṣe bá a mu,
n kò sì sọ ọ́.

Lánàá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ
jókòó tì mí níbi kọfí, ó yí kẹ̀kẹ́ náà, ṣìrìrì.
“Ti oníkẹ̀kẹ́ ẹṣin ni, Baba Alden. Ó dájú.
Wọ́n fi ń wọn irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.”

Mo gbé ife mi kalẹ̀.
“Irọ́ ni,” mo ní.
“Páì ni.”